Mọ́tò Àtijọ́ Tó Ń Dáhùn, Tó Tún Ń Kú Lójú Ẹsẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀

Mọ́tò tí kò dáhùn rárá rọrùn láti bá wí. Èyí tó ń dáhùn, tó bú ramúramù, tó sì kú kí ẹ tó fi jíà sí i, òun gan-an ló ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Mẹkáníìkì kan á ní pọ́ńpù ni, ẹ ra pọ́ńpù. Òmíràn á ní púlọ́ọ̀gì ni, ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀kẹta á mi orí, á ní bréènbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti jó. Owó ti lọ, mọ́tò ò tíì kúrò lójú kan.

Ohun tí wọ́n ń fò dá ni pé mọ́tò tó bá dáhùn, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ti sọ ohun púpọ̀ fún wa. Bátìrì ní agbára tó lè yí kíìkì, ohun tó ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ bá ń ṣáná. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Iná ń dé púlọ́ọ̀gì. Epo díẹ̀ wọlé. Ó ku ohun kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò sì parí rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì gbà kú, ìgbà tó kú, àti ohun tó lè mú un pẹ́ díẹ̀ sí i láyé, àwọn ni yóò júwe ẹni náà fún wa. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mú sípánà kí ó tó wo ìyẹn dáadáa.

Mọ́tò tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù ni Toyota Camry onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 5S-FE, tí wọ́n ṣe láti 1992 dé 2001. Tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀ lójú títì wa, mẹkáníìkì tí kò tíì tú u sílẹ̀ rí kò pọ̀. Níbi tí Honda, Golf, Nissan tàbí Peugeot 504 bá ti yàtọ̀ sí i, màá sọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín sáléńsà nínú gáréèjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa èèyàn, kì í sì í rùn tó bó ṣe ń pani tó. Ẹ fa hánńbíréèkì, kí ẹ fi jíà sí P, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú jíà pátápátá tó bá jẹ́ mánúà. A máa fọwọ́ kan epo, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí sìgá, kò gbọdọ̀ sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí, kí ẹ sì gbé ohun tí ẹ fi ń pa iná sí tòsí. Bí kò bá sí, ẹ bu yanrìn gbígbẹ sínú garawa. Ẹ má dà omi sí iná epo láé.

Ohun tí ẹ nílò ò pọ̀: mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, tọ́ọ̀ṣì, sukudiráfà, sípánà díẹ̀, wáyà kékeré kan, ìgò tó mọ́ gaara, agolo kan lára oògùn afínfín tí wọ́n fi ń fọ kàbúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú mọ́tò àtijọ́), àti fóònù yín.

Ẹ wò ó bó ṣe ń kú

Ẹ gbé fóònù sí ibi tó ti lè ya dáṣíbọ́ọ̀dù ní fídíò. Láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ ṣáná sí mọ́tò láì tẹ pẹ́dà epo rárá. Ẹ jẹ́ kó kú. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ẹ wo fídíò náà, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ wo iná tó tàn àti èyí tí kò tàn, kí ẹ sì wo abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, bóyá ńṣe ló já lulẹ̀ lójijì ni o, tàbí ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀.

Bí ó bá kú gẹ́lẹ́ bí ọwọ́ yín ṣe kúrò lórí kọ́kọ́rọ́, tí kò ṣe ju kí kọ́kọ́rọ́ padà sẹ́yìn lọ, a jẹ́ pé iná kan wà tó ń dé nígbà tí kíìkì ń yí, tí kì í dé mọ́ tí kíìkì bá dúró. Kọ́kọ́rọ́ àti rílè, suíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn, ni ká lọ bá.

Bí ó bá ṣiṣẹ́ geere fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, tí ó sì dá wáì bí ẹni pé èèyàn pa á, tí iye ìṣẹ́jú àáyá yẹn kò yí padà nígbàkúùgbà, ààbò olè ló ń pa á. Ẹ wò ó bóyá iná kọ́kọ́rọ́ tàbí iná àgádágodo ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Bí ó bá ń wúkọ́, tó ń gbọ̀n, tó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, epo ni kì í dé tó. Ó tún lè jẹ́ pé epo ń pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ti ìyẹn máa ń ní òórùn epo àti èéfín dúdú lẹ́yìn.

Bí ó bá rọra ń sọ̀ kalẹ̀ láì gbọ̀n púpọ̀, títí tó fi kú, afẹ́fẹ́ sílóò ni, ìyẹn yíyí jẹ́jẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí pẹ́dà.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá tẹ pẹ́dà epo. Ẹ ṣáná sí i, kí ẹ sì di pẹ́dà mú díẹ̀, kí yíyí ẹ́ńjìnnì wà ní nǹkan bíi 1,500 sí 2,000. Bí kò bá kú, tó ń ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ fi gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ fi ọwọ́ lé àyà: pọ́ńpù dára, iná dára, sílóò nìkan ló ń yọ yín lẹ́nu. Bí títẹ pẹ́dà bá tún mú un yára kú, epo ni kò tó, nítorí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní afẹ́fẹ́ sí i, kò sì rí epo tí yóò fi bá a mu. Tí pẹ́dà ò bá sì ní ipa kankan, tó ń kú ní àkókò kan náà ṣáá, iná tàbí ààbò olè ni. Lójú tèmi, ìdánwò tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ yìí níye lórí ju ìdajì ohun tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lọ.

Kọ́kọ́rọ́, bátìrì àti ààbò olè

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Ìdọ̀tí funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó ń hù sí orí rẹ̀ lè jẹ́ kí iná kọjá tó láti yí kíìkì lónìí, kó sì já lọ́la. Ẹ tú u, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ dì í kó le. Ẹ wo wáyà tó ti ibẹ̀ lọ sí ara mọ́tò àti èyí tó lọ sí ara ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú. Bátìrì tó kún máa ń wọn nǹkan bíi 12.6 fólìtì nígbà tí mọ́tò sinmi. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 10 lọ dáadáa nígbà tí kíìkì ń yí, ẹ wá bátìrì mìíràn yá kí ẹ tó máa bá ohunkóhun mìíràn jà, nítorí bréènbọ́ọ̀sì tí iná rẹ̀ ò tó máa ń ṣe ìṣekúṣe.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Mọ́tò ọlọ́gbọ̀n ọdún, tí kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti géètì ti ń fì lára kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, inú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀ á ti jẹ. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ máa mì ín díẹ̀díẹ̀. Bí iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ṣẹ́jú, ẹ ti rí i. Kó lè dá yín lójú, ẹ fi mítà wọn iná tó ń dé kọ́ìlì, ohun tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún púlọ́ọ̀gì: bí ó bá tó 12 nígbà tí kíìkì ń yí, tí ó sì di òdo nígbà tí kọ́kọ́rọ́ padà sí ON, ibi kan láàárín kọ́kọ́rọ́ àti kọ́ìlì ti já. Lára àwọn mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ti ń lo pọ́íǹtì (ẹnu irin kékeré tó ń já iná kọ́ìlì tó sì ń so ó), wọ́n máa ń fi rẹ̀sísítọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì láti dín iná kù. Ìgbà tí kíìkì bá ń yí, iná máa ń fò ó kọjá. Ìgbà tí kíìkì bá dúró, inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà. Bí ó bá jó, mọ́tò á máa dáhùn, á sì máa kú bí ẹ bá ti jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́. Àwọn rẹwáyà kan máa ń so wáyà tààrà rékọjá rẹ̀. Mọ́tò á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́ìlì àti pọ́íǹtì kò ní pẹ́ jó.

Ti ààbò olè wọ́pọ̀ lára Golf 4 àti Passat tí wọ́n ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ṣíìpù kékeré kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́. Tí mọ́tò ò bá dá a mọ̀, á dáhùn, á sì pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Ẹ gbìyànjú kọ́kọ́rọ́ kejì bó bá wà. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gé ní ẹ̀bá títì lè ṣí ilẹ̀kùn kó sì yí kíìkì, àmọ́ tí kò bá ní ṣíìpù nínú, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí. Nílẹ̀ wa níbí, mo tún máa ń fura sí álámù tí rẹwáyà fi sínú mọ́tò lẹ́yìn tó ti dé. Wọ́n sábà máa ń gé wáyà pọ́ńpù, wọ́n á lọ́ ọ mọ́ ti álámù, wọ́n á sì fi téèpù dì í. Lẹ́yìn òjò mélòó kan, ibi tí wọ́n lọ́ yẹn á ti dípẹtà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta mọ́tò fún yín bóyá ó fi suíìṣì kọ̀rọ̀ kankan sí i. Ọ̀pọ̀ ló ti gbàgbé láti sọ.

Epo: ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gééjì epo mọ́tò àtijọ́. Ẹ da lítà márùn-ún sí i ná, kí ẹ tó ro ohun mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni epo tó burú. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ inú ọjà Nàìjíríà, wọ́n sì kó o kúrò. Ti inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì, gbogbo wa mọ̀ bó ṣe ń rí. Láti dán an wò, ẹ yọ fíúsì tàbí rílè pọ́ńpù, kí ẹ yí kíìkì títí epo tó wà nínú páìpù á fi tán, kí ó má baà tú sí yín lójú. Ẹ tú ọ́ọ̀sì tó wọ fíltà, kí ẹ kì í bọ ìgò mímọ́ gaara, kí ẹ dá fíúsì tàbí rílè náà padà, kí ẹ sì jẹ́ kí pọ́ńpù rọ epo díẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi á lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà tó pín òun àti epo. Bí ìdọ̀tí tàbí ìpẹtà bá wà níbẹ̀, táǹkì nílò fífọ̀. Bí ẹ bá kàn ra pọ́ńpù tuntun láì fọ̀ ọ́, ẹ ó tún padà wá rà á.

Nísinsìnyí, pọ́ńpù fúnra rẹ̀. Níbí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù lọ́rọ̀ Toyota. Bí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́ Honda sí ON, ẹ ó gbọ́ kí pọ́ńpù kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Camry 1992 sí 1996 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìgbà tí kíìkì bá yí kí pọ́ńpù rẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ti tan kọ́kọ́rọ́, tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan, tí wọ́n sì dá pọ́ńpù tó dára lẹ́jọ́ ikú.

Rílè kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, èyí tí Toyota ń pè ní circuit opening relay. Wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ irin ló wà nínú rẹ̀, èyíkéyìí nínú wọn sì lè tan pọ́ńpù. Èkínní ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ kíìkì: bí kíìkì bá ń yí, pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́. Èkejì ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ bréènbọ́ọ̀sì, lẹ́yìn tí bréènbọ́ọ̀sì bá ti rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Tí apá kejì bá kú, tàbí tí wáyà tó ń gbé àṣẹ bréènbọ́ọ̀sì wá bá já, mọ́tò á dáhùn pẹ̀lú kíìkì, á jẹ epo tó ṣẹ́kù nínú páìpù, á sì kú.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ rèé, fún àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1996. Nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, àpótí kékeré dúdú kan wà tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí. Ẹ ṣí i. Orúkọ ihò kọ̀ọ̀kan wà nínú ìdérí rẹ̀. Ẹ fi wáyà kékeré so +B pọ̀ mọ́ FP, kí ẹ sì tan kọ́kọ́rọ́ sí ON. Pọ́ńpù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ẹ ó gbọ́ bí epo ṣe ń ṣàn padà, ẹ ó sì rí i pé ọ́ọ̀sì tó wà lára fíltà le lọ́wọ́ yín. Ẹ wá ṣáná sí mọ́tò pẹ̀lú wáyà náà níbẹ̀. Bí ó bá dúró tí kò kú mọ́, pọ́ńpù yín kò ní nǹkan kan. Rílè tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ máa bá lọ. Bí ó bá ṣì ń kú, pọ́ńpù, fíltà tàbí ohun tí kì í ṣe epo rárá ni. Ẹ yọ wáyà náà kí ẹ tó wa mọ́tò jáde o. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, pọ́ńpù á máa rọ epo lọ lórí iná ni, torí kò sí ohun tó máa sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ti kú.

Camry tó ṣáájú èyí, ti 1987 sí 1991, ní ìlẹ̀kùn kékeré kan nínú ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tì í ṣí, ó ń tan pọ́ńpù. Nítorí náà, rọ́bà tó ya láàárín rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì lè pa pọ́ńpù: afẹ́fẹ́ á máa gba ibi tó ya wọlé, ìlẹ̀kùn ò sì ní ṣí. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ fi ìka ti ìlẹ̀kùn náà. Pọ́ńpù gbọ́dọ̀ kùn.

Ti Honda ọdún 1990 síwájú, rílè àgbà tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan, nígbà tí mọ́tò ti wà nínú oòrùn, ló máa ń ṣe é. Ooru ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ sán. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè jó o padà ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú Golf 3 onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, rílè tó ní nọ́ńbà 167 lórí ni ti pọ́ńpù. Kò wọ́n, mo sì gba ẹni tó bá ní Golf 3 níyànjú kó fi ọ̀kan pamọ́ sínú mọ́tò.

Bí pọ́ńpù bá ń yí, ó ku kó lágbára tó. Mẹkáníìkì tó ní gééjì agbára epo á sọ fún yín: Camry 5S-FE gbọ́dọ̀ wà láàárín 38 sí 44 psi nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ lára régúlétọ̀, ohun tó ń ṣàkóso agbára epo. Bí ó bá kéré sí èyí, ẹ pààrọ̀ fíltà kí ẹ tó dá pọ́ńpù lẹ́bi. Ẹni tó ń fi epo díẹ̀ díẹ̀ wa mọ́tò lójoojúmọ́ ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa pọ́ńpù, nítorí epo tó yí i ká nínú táǹkì ló ń mú un tutù.

Tí èéfín bá dúdú tí òórùn epo sì ń gbóná, ẹ yọ ọ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ yẹn lára régúlétọ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí epo bá ń kán níbẹ̀, awọ inú régúlétọ̀ ti ya, ẹ́ńjìnnì sì ń mu epo ní ìmukúmu. Tútù tí púlọ́ọ̀gì bá tutù fún epo náà ń jẹ́rìí sí i.

Afẹ́fẹ́ àti sílóò

Bí pẹ́dà epo bá ń mú mọ́tò wà láàyè, ibí ni ilé yín. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí pẹ́dà, ẹnu tọ́rótù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ti pa dé. Ọ̀nà kékeré kan tí fáàfù sílóò ń ṣí tó ń pa dé ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ìdọ̀tí dúdú bí ọ̀dà ló ń dí i.

Ẹ dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, nítorí omi rédíétọ̀ ń gba inú tọ́rótù Camry kọjá, bó bá gbóná, á bó yín. Ẹ yọ rọ́bà tó ti fíltà afẹ́fẹ́ wá. Ẹ fín oògùn náà sí aṣọ, kí ẹ nu ẹnu tọ́rótù àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Fáàfù sílóò wà nísàlẹ̀ tọ́rótù yẹn gan-an. Bí ẹ bá tú u, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dì í, ẹ má sì jẹ́ kí oògùn wọ apá tí wáyà wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni iṣẹ́ yìí nìkan máa ń parí ọ̀rọ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ rí ni kí mẹkáníìkì mú sukudiráfà kó sì máa fún ìdè tọ́rótù láti "gbé sílóò sókè". Ìdè yẹn, àwọn tó ṣe mọ́tò ti dì í sí ibi tó yẹ. Mọ́tò ò ní kú lọ́jọ́ yẹn, ìdọ̀tí á ṣì wà níbẹ̀, sílóò á sì ga jù lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn tọ́rótù, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé. Rọ́bà tó ti pé ogún ọdún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú ooru wa máa ń sán níbi tí ojú ò tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ má fo ọ́ọ̀sì ńlá tó lọ sí bíréèkì àti èyí tó jáde lára ìdérí ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan máa ń fín epo sí i láti mọ ibi tó ti jò. Ẹ fi omi ọṣẹ sínú agolo afínfín dípò rẹ̀, kò ní jó ẹnikẹ́ni. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ẹ ti dé ibẹ̀.

Mọ́tò tó ń wọn afẹ́fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, bíi ọ̀pọ̀ Nissan, ni jíjò máa ń pa jù. Afẹ́fẹ́ tí wọn ò wọ̀n, wọn ò fún un ní epo. Kódà ìdérí òróró ẹ́ńjìnnì tí kò dé dáadáa lè fa wàhálà níbẹ̀. Camry 5S-FE kì í wọn afẹ́fẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Agbára tó wà nínú páìpù ló ń wọ̀n, nítorí náà jíjò máa ń gbé sílóò rẹ̀ sókè ju kó pa á lọ. Ẹ rántí èyí kí ẹ má baà fi ọjọ́ kan wá ihò tí kò jẹ̀bi.

Fún Nissan àti irú rẹ̀, ẹ yọ wáyà ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ náà, kí ẹ sì ṣáná. Bí mọ́tò tó ń kú bá wá ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí wáyà ti kúrò níbẹ̀, òun ló ń parọ́ fún bréènbọ́ọ̀sì. Oògùn tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti kàbúrétọ̀, ẹ má sì fi ìka tàbí aṣọ kàn án. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín.

Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan ló ń kú, tí kì í kú mọ́ lẹ́yìn tó bá ti gbóná, ẹ wọn ohun tó ń ka ooru omi. Ti Toyota máa ń wà ní nǹkan bíi 2,000 sí 3,000 óòmù nígbà tó tutù níwọ̀n 20°C, ó sì ń bọ́ sí 200 sí 400 ní 80°C. Nílẹ̀ wa, àárọ̀ sábà máa ń gbóná ju 20°C lọ, nítorí náà iye óòmù tí ẹ máa rí láàárọ̀ á kéré sí èyí díẹ̀. Bí ó bá ń sọ fún bréènbọ́ọ̀sì pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná nígbà tó tutù, epo àárọ̀ kò ní tó.

Kóòdù

Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé gbogbo mọ́tò kékeré tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹnu OBD-II, èyí tó ní ihò mẹ́rìndínlógún lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nítorí náà tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ti 1996 síwájú, ẹ lè fi ẹ̀rọ kékeré ka kóòdù rẹ̀. P0505 ń tọ́ka sí sílóò, P0100 sí P0103 sí ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́, P0171 sí epo tó kéré sí afẹ́fẹ́, P0335 sí ohun tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì. Lára Toyota tó ṣáájú rẹ̀, ẹ so TE1 mọ́ E1 nínú àpótí DIAGNOSIS yẹn, kí ẹ tan kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ ka bí iná ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣẹ́jú. Kóòdù máa ń dárúkọ ọ̀nà tí wàhálà wà, kì í dárúkọ ohun tí ẹ máa rà. Wáyà tí eku jẹ lè mú P0335 wá láìṣe pé sẹ́ńsọ̀ bàjẹ́.

Sáléńsà

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń dáhùn, tó ń gbọ̀n, tí kì í sì í lè yí sókè bó ti wù kí ẹ tẹ pẹ́dà, ẹ fọwọ́ sí ẹ̀yìn sáléńsà. Bí afẹ́fẹ́ ò bá fi bẹ́ẹ̀ jáde, kátálísì, ohun tó ń fọ èéfín nínú páìpù sáléńsà, ti dí. Ẹ tú páìpù àkọ́kọ́ díẹ̀ kí ẹ tún ṣáná. Bí ó bá wá ń mí, ó dájú. Àwọn tó ń ra kátálísì lọ́wọ́ ẹ̀bá títì mọ iye tó tó, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì sọ ọ́ di ẹ̀bùn.

Àwọn oníkàbúrétọ̀

Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kaduna àti Ìjàpá Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Èkó, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan tí wọn ò ní tà wọ́n láé. Kò sí bréènbọ́ọ̀sì níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì kúrú. Ẹ fa ṣóòkì. Bí mọ́tò bá dúró nígbà tí ẹ fa á, tó sì kú bí ẹ bá tì í padà, ihò epo sílóò inú kàbúrétọ̀ ti dí, tàbí afẹ́fẹ́ ń jò nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ yọ irin kékeré tí ihò náà wà lára rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ má fi wáyà gún un, torí wáyà á mú un tóbi. Lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá, fáàfù oníná kékeré kan tó ní wáyà ẹyọ kan wà lára kàbúrétọ̀ tó ń dá epo sílóò dúró. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fa wáyà rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún fi kàn án: ó gbọ́dọ̀ dún tíkì. Bí kò bá dún, ẹ ti rí ẹni tó ń pa mọ́tò. Ẹ yọ ọ́ọ̀sì lẹ́nu kàbúrétọ̀ pẹ̀lú, kí ẹnìkan yí kíìkì, kí ẹ wò ó bóyá pọ́ńpù ara ẹ́ńjìnnì ń tu epo dáadáa sínú ìgò.

Tó bá kan mẹkáníìkì

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò yanjú, ó lè jẹ́ bẹ́líìtì táímìǹgì ló fo eyín kan, tàbí EGR, fáàfù tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì, tó ṣí tí kò pa dé mọ́. Ìyẹn fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ mú fídíò yín dání, kí ẹ sì sọ fún un pé: "Ọ̀gá, ó ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Pẹ́dà kì í gbà á là. Mo ti so +B mọ́ FP, ó ṣì kú." Ẹni tó mọ iṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, á sì lọ tààrà síbi tó yẹ. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ ra bréènbọ́ọ̀sì ní Ládípò, ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Èkó, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá pààrọ̀, ẹ gba ti àtijọ́.

Lẹ́yìn àtúnṣe, bí wọ́n bá ti yọ bátìrì, sílóò lè ṣe ségesège fún ìgbà díẹ̀, nítorí bréènbọ́ọ̀sì ti gbàgbé ohun tó kọ́. Àwọn Nissan kan nílò kí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ́ ọ padà. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò sùn mọ́jú ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kí ẹ wá ṣáná sí i fúnra yín láàárọ̀, láì tẹ pẹ́dà. Ẹ jẹ́ kó sílóò títí á fi gbóná, kí ẹ tan AC, kí ẹ tan iná iwájú, kí ẹ yí ìdarí dé òpin lápá méjèèjì. Bí kò bá kú, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún un ṣáná nígbà tó gbóná. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó san owó tó kù.